Ilẹ̀ Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀ fún Àwọn Ọ̀rẹ́ Méjì

Ọjọ́ tí tíṣà ka ìwé àwọn ọ̀rẹ́ méjì fún wa ní Inísà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Òyìnbó ló ń ṣàkóso ìlú nígbà náà, àwọn òbí wa ló sì ń fọwọ́ ara wọn tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Lọ́jọ́ náà, bàbá mi wà lórí òrùlé, wọ́n ń fi koríko bẹẹrẹ bò ó.

Tíṣà ń túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá bó ti ń kà á. Alágbàṣe ni ọ̀rẹ́ méjèèjì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ kiri oko àwọn olówó màlúù. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju ilẹ̀ díẹ̀ tí yóò jẹ́ tiwọn lọ.

Ni bàbá mi bá sọ̀rọ̀ látòkè: “Tíṣà, ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Mo ní ilẹ̀ létí odò Ọ̀tìn.”

“Bàbá, ìtàn lásán ni.”

“Ṣebí inú ìwé lẹ ti kà á?”

Àṣẹ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó nìkan ni bàbá mi ti gbọ́ látinú ìwé rí, kò sì sí èyí tí kò ṣẹ níbẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kà á títí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà fi kú. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà.

“Ta ló sin ín?”

Tíṣà wo ìwé títí, kò rí i níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí òjò dé, ìyá mi fẹ́ gbin àgbàdo sétí odò náà. Bàbá mi kọ̀.

“Má gbin nǹkan kan síbẹ̀. Èyí tó kù nínú wọn kò tíì dé.”