Àkànó Onígun ti Malu Road

Bí wọ́n bá dárúkọ Àkànó Onígun ní Malu Road lónìí, ọ̀rọ̀ tírélà ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ihò ojú títì ló gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tírélà kan mì lọ́sàn-án gangan, kọ̀nténà orí rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ké bí àgbàlagbà tí eegun ń dùn. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì sá, àwọn tó ń lẹ táyà sá, awakọ̀ pàápàá bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sáré lọ síbẹ̀: Àkànó, káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn àti àkàbà, pẹ́ńsù létí, fóònù lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ kọ̀nténà, ó ń ya igun rẹ̀ ní fọ́tò.

“Baba, ẹ sá! Ó ti ń ṣubú!” awakọ̀ kígbe.

“Kò tíì ṣubú. Ó ń ronú ni,” Àkànó dáhùn. “Ìwọ náà rọra. Irú igun yìí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.”

Onoriode, ọmọ Úròbò tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ló di aṣọ rẹ̀ mú, tó wọ́ ọ jáde bí ẹni wọ́ ewúrẹ́. “Àkànó, you dey craze? O fẹ́ kú ni?” Kọ̀nténà kò ṣubú; bẹ́ẹ̀ ló dúró títí kréènì fi dé. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Àkànó kò fi bá ẹni tó dóòlà ẹ̀mí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wíwọ́ tó wọ́ ọ ló mú kí fọ́tò náà gbọ̀n, tó fi rí bàìbàì.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìṣẹ́yìn ló ti sọ fún un pé gbogbo iṣẹ́ ilé ayé, ibi tí nǹkan ti pàdé nǹkan ni. Fóònù ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di àrùn sí i lára. Igun tó dúró ṣánṣán bí igun ilẹ̀kùn, Ajókòó ló ń pè é. Èyí tó há bí ẹnu àlùmọ́gàjí tó fẹ́ pa dé, Akúnlẹ̀ ni. Èyí tó là gbàgà bí àga baba arúgbó, Afẹ̀yìntì ni. Ó ń ya ẹsẹ̀ tábìlì, ó ń ya ọwọ́ ọmọlanke. Bí ẹ̀yìn bá ń yún ọ ní Malu Road, kí o rọra họ ọ́. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ lè bá ara rẹ̀ nínú fóònù Àkànó.

Ọjọ́ tí Amarachi tó ń ta epo pupa ṣe ìsàmì ọmọ rẹ̀, onífọ́tò kò yọjú. Ó bẹ Àkànó, Àkànó sì yà á kúnná. Nígbà tí wọ́n wo fóònù, ìgbọ̀nwọ́ pásítọ̀ rèé, etí òrùlé rèé, ẹsẹ̀ àga rèé.

“Baba, where my pikin face?”

“Ojú ọmọ kò lọ síbì kankan, ìyá ìkókó, ara rẹ̀ náà ló wà. Ìgbọ̀nwọ́ pásítọ̀ yìí ńkọ́? Ajókòó gidi! Ìgbà wo ló tún máa ká a báyìí?”

Amarachi bínú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbọ̀nwọ́ náà wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ títí dòní. Godfrey tí wọ́n sàmì fún ti ń hu irùngbọ̀n báyìí; bí àlejò bá dé, á fi ìka kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, á ní, “Ibí yìí ni mo wà.”

Onoriode nìkan ni ọ̀rọ̀ igun yìí kì í pa lẹ́rìn-ín. Ó jó géètì kan fún ilé ìkẹ́rùsí ní Kirikiri. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ tí Àkànó fi gbé fọ́tò igun rẹ̀ wá bá a.

“Ajókòó kọ́ lèyí, ọ̀rẹ́ mi. Ó ń tòògbé lórí àga.”

“Ojú ẹ ló ń tòògbé! Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tìẹ, ṣé ó ń tì?”

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé kò tì. Àkànó wo ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ́. “Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ló yí,” ó ní. “Èmi àti ilẹ̀kùn mi ṣì dúró síbi tí a wà.”

Síbẹ̀, Onoriode yìí kan náà ni Àkànó gbé ẹrù tó wúwo jù lé lọ́wọ́. Ìsìnkú aládùúgbò kan ni wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn Mùsùlùmí máa ń fi pákó dábùú òkè òkú, kí ó dagun, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà kàn án. Lọ́jọ́ náà, wọ́n tẹ́ pákó pẹrẹsẹ. Àkànó ò lè jẹun.

“Onoriode, lọ́jọ́ tèmi, ìwọ ni kó o wo igun pákó mi. Bó bá tẹ́jú, iyẹ̀pẹ̀ á jókòó sí mi láyà.”

“Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n á lé mi ni.”

“Ṣèlérí.”

“I don hear.”

“Mi ò ní kó o gbọ́. Mo ní kó o ṣèlérí.”

Onoriode ṣèlérí.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àyà dídùn mú Àkànó lọ lówùúrọ̀; kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n ti gbé e dé itẹ́ òkú. Onoriode dúró lẹ́yìn pátápátá, fìlà lọ́wọ́, ó ń na ọrùn. Wọ́n to pákó. Ó tẹ́jú bíi tábìlì. Bí Onoriode bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè lé e bí ajá níwájú gbogbo ayé. Bó bá dákẹ́, ìlérí ti wọ ilẹ̀ pẹ̀lú òkú nìyẹn.

“Alfa, ẹ má bínú. Igun yẹn ò dáa.”

Gbogbo orí yí padà. “Oníwẹ́dà kẹ̀! Kí ló kàn án?”

Alfa Tàófíìkì gbójú sókè létí kòtò. Òun náà ti jẹ nínú ìyọnu igun yìí: fọ́tò àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí ni Àkànó ń gbé hàn án lẹ́yìn ìrun gbogbo, títí ó fi ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un mọ.

“Ṣé Àkànó ló rán ẹ?”

“Òun ni, Alfa.”

Alfa tún wo pákó, ó mirí. “Ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ibí. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, tí àwọn málàíkà bá dé láti bi ọkùnrin yìí ní ìbéèrè, òun ni yóò kọ́kọ́ bi wọ́n: ta ló to pákó yìí?”

Ẹ̀rín sọ ní itẹ́. Àwọn tó ń sunkún rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún padà sídìí ẹkún wọn.

Onoriode lọ́ṣòó. “Gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Fà á sọ́dọ̀ ẹ. Ẹ̀hẹ́n. Ó tó.” Akúnlẹ̀ tó mọ́ra ni, kò ga jù, kò tẹ́jú. Ó yọ fóònù. Alfa ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

Ẹnu ṣọ́ọ̀bù ló ti wo fọ́tò náà. Ẹnikẹ́ni ò wọ́ ọ láṣọ, síbẹ̀ ó gbọ̀n, ó rí bàìbàì. Onoriode gbójú sókè, ó wo ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò tì.

“Ó dáa,” ó wí fún un. “Má bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”