Ogún Àkísà Pupa Létí Ọ̀sà

Bàtà ọmọ náà ni Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ fura sí. Bàtà funfun báláú, tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nípọn bí odidi búrẹ́dì, tó hàn gbangba pé kò tíì tẹ ẹrẹ̀ rí láyé. Ta ní í wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ wá sí Ìdí Àràbà láàárọ̀ Sátidé, níbi tí kò sẹ́ni tó kú, tí kò sẹ́ni tó bímọ, tí ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ọjọ́ ọjà?

Micah, àkọ́bí rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló gbé e wá. Ó ní Adéṣẹwà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì ni, yunifásítì tó wà ní Ijagun ló ti ń kàwé. Ó ní ó fẹ́ rìn. Mosúnmọ́lá bi í pé kó rìn lọ síbo. Micah ní ó fẹ́ gba etí ọ̀sà láti Ìdí Àràbà dé Ebúté Àgbọn. Kó lọ ṣe kí ni níbẹ̀? Kò ní í ṣe nǹkan kan. Yóò dé ibẹ̀, yóò wo omi, yóò sì padà; kí ìyá òun ṣáà bá a fi ọ̀nà hàn án. Dígí ọ̀kadà ni Micah ń nù bó ṣe ń sọ gbogbo èyí, ìyá tó bí i sì mọ̀ ọ́n. Láti kékeré, bí nǹkan bá ti wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Micah, ojú rẹ̀ kì í dúró lójú ẹni.

Adéṣẹwà kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa. Ìyẹn gan-an tún fi kún ìfura rẹ̀, nítorí àwọn ti Òkè Ẹ̀rọ̀ náà mọ èèyàn kí.

Ọ̀rọ̀ Òkè Ẹ̀rọ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni ní gbogbo etí ọ̀sà yẹn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni ọkùnrin mẹ́ta wọ abúlé náà pé àwọn wá wo omi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n bá aráalé jẹ àgbàdo sísè, wọ́n sì ń so aṣọ pupa mọ́ igi níbikíbi tí wọ́n bá gbà kọjá. Àwọn ọmọdé rò pé eré ni. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ògiri ti dìde níbi gbogbo tí aṣọ pupa ti wà. Fátókí, ìbátan ìyá Mosúnmọ́lá, tó ti ń dẹ ìgèrè ẹja níbẹ̀ láti ogójì ọdún, ní láti gba títì yí po báyìí kó tó lè dé omi tó wà lẹ́yìn ilé ara rẹ̀.

Mosúnmọ́lá náà sì ní ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín Ìdí Àràbà àti Ebúté Àgbọn ni ibi òré rẹ̀ wà, ẹrẹ̀ gbalasa kan tó kún fún koríko gígùn tí wọ́n fi ń hun ẹní. Kò níwèé kankan lórí rẹ̀. Ohun tó fi mọ̀ pé tòun ni ni pé ìyá òun gé òré níbẹ̀, ìyá ìyá òun náà gé e, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Ẹní ló fi tọ́ Micah àti Jessica àbúrò rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ẹní náà ló sì ń jẹ títí di òní. Àwọn tó ń ra ẹní lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ti bi í títí níbi tó ti ń rí òré tó rọ̀ tó sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá wọn lóhùn.

Kí wọ́n tó gbéra, Adéṣẹwà fi àwòrán hàn án lórí fóònù. Erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì ni, ó ní. Àwọn ilé funfun lórí òkè, òkun nísàlẹ̀, àti àwọn òyìnbó àgbàlagbà tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń tẹ̀ lé etí òkun láti abúlé kan sí òmíràn, tàwọn ti ọ̀pá lọ́wọ́. Mosúnmọ́lá wò ó pẹ́.

"Kí ni wọ́n ń tà?"

"Wọn ò ta nǹkan kan, mà. Wọ́n kàn ń rìn ni."

"Ta ló ń lé wọn?"

Micah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀kadà mú. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó wá fi òkúta kan hàn án nínú àwòrán náà, òkúta etí ọ̀nà tí wọ́n kán ọ̀dà pupa sí lára. Ó ní àmì ọ̀nà nìyẹn. Ó ní òun ò rí ọ̀dà rà, ṣùgbọ́n òun ti fa ògbólógbòó ìró kan ya sí ọ̀nà ogún. Ó ṣí báàgì, Mosúnmọ́lá sì rí wọn, ogún àkísà pupa, wọ́n ká jọ bí ìfun ewúrẹ́.

"Kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà," ni ọmọ náà wí.

"Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn?"

"Àwọn èèyàn, mà."

Mosúnmọ́lá rò ó pé kóun sọ pé ara òun ò yá. Ó tún rò ó pé bóun bá kọ̀, wọn yóò wá ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yóò sì mú un gba àárín òré lọ tààrà, nítorí ibẹ̀ ló yá jù. Ó sàn kóun mú un lọ fúnra òun, kóun mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó gbé ẹní mẹ́rin tó fẹ́ kó fún Rachel oníbàárà rẹ̀ ní Ebúté Àgbọn rù, ó ní ó yá.

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ ti ń lọ. Ọ̀sà tẹ́ rẹrẹ lápá òsì wọn, ó ń dán, ọkọ̀ apẹja kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ó rí bí èèrà lórí àwo. Ọmọ náà ń dúró níbi gbogbo. Ó dúró wo ihò akàn. Ó dúró wo afárá onígi méjì tí Mosúnmọ́lá ti ń gbà láti ìgbà èwe láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ibi tó bá dúró sí ló ń so àkísà mọ́. Mosúnmọ́lá á wá ní kó máa lọ níwájú, kóun tún òṣùká òun ṣe. Ìdè ọmọléèwé ni ọmọ náà ń dì, èyí tí wọ́n fi ń di okùn bàtà. Bí èèyàn bá fa etí kan báyìí, ó ti tú. Mosúnmọ́lá á fa á, á kì í bọ etí ìró rẹ̀, á sì sáré bá a.

Lójijì ni obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó nínú àpò ọmọ náà. Mosúnmọ́lá dúró ṣinṣin.

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Fóònù ni, mà. Ó ń ka ẹsẹ̀ wa."

Ó ń ka ẹsẹ̀. Àwọn ti Òkè Ẹ̀rọ̀ ń fi okùn wọn ilẹ̀ tiwọn ni. Àwọn ti ìsinsìnyí ń fi ẹsẹ̀ arúgbó wọ̀n ọ́n. Láti ibẹ̀ lọ, ìgbésẹ̀ kéékèèké ni Mosúnmọ́lá ń gbé, kí iye náà lè dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀pẹ méjì tó fara ti ara wọn, ọ̀nà pín. Ti òsì lọ sétí omi, sínú òré. Ti ọ̀tún gun òkè lọ sáàárín oko ẹ̀gẹ́, ó sì jìn. Mosúnmọ́lá yà sí ọ̀tún. Adéṣẹwà bi í pé níbo ni ti òsì já sí, nítorí ó dà bíi pé omi hàn dáadáa jù níbẹ̀.

"Ejò ló wà níbẹ̀," ni Mosúnmọ́lá dáhùn.

Ọmọ náà so àkísà mọ́ ọ̀pẹ tọ̀tún. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí èyí náà fi dé etí ìró.

Wọ́n jókòó jẹun lábẹ́ igi kàṣú. Ọmọ náà fún un ní búrẹ́dì pẹ̀lú sàdíìnì; ó dúpẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jẹ gàrí àti àgbọn tirẹ̀. Ìkíni lọ̀tọ̀, oúnjẹ lọ̀tọ̀.

Ní Ebúté Àgbọn, Rachel wo àlejò náà láti orí dé bàtà. Ó fi èdè Ìjẹ̀bú bá Mosúnmọ́lá sọ̀rọ̀, èyí tó jinlẹ̀ dáadáa, kí ọmọ Èkìtì má baà gbọ́, pé àṣé iṣẹ́ mímú àwọn awọnlẹ̀ kiri ló ti ń ṣe báyìí. Ó ní ọmọ náà ń wo omi bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹní méjì péré ni Rachel mú nínú mẹ́rin, ó ní etí àwọn yòókù kò gún. Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni Adéṣẹwà ti wá kúnlẹ̀ pé òun ń padà lọ, òun nìkan. Ó fẹ́ dán àmì wò. Bí àlejò bá lè tẹ̀ lé àkísà dé Ìdí Àràbà láì béèrè ọ̀nà, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà dára.

Gbogbo àmì náà wà nínú ìró Mosúnmọ́lá, ó lẹ̀ mọ́ ọn níkùn. Ó la ẹnu. Rachel ń wò ó. Ó pa á dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ tó ní fóònù tó ń ka ẹsẹ̀ kò lè sọnù, pé bó bá ṣìnà, yóò padà wá.

Kò padà wá. Nígbà tí wákàtí méjì kọjá, Mosúnmọ́lá pe Micah tó ń dúró de ọmọ náà ní Ìdí Àràbà. Micah ní òun ò tíì rí ẹnikẹ́ni, pé fóònù ọmọ náà kò sì lọ.

"Micah, kí lo fi pa mọ́ fún mi nípa ọmọ yìí?"

"Màámi, ẹ má bínú. Mo sọ fún un pé ẹ máa se ìkọ́kọrẹ́ fún un tó bá dé."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Kò gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó gbé ẹní méjì tó kù rù, ó sì ń sáré bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè gbé e tó.

Níbi ọ̀pẹ méjì, ó rí ojú ẹsẹ̀ bàtà náà nínú eruku, ó fín bí ojú táyà. Ọmọ náà ti yà sí ọ̀nà omi. Kò sí àkísà tó sọ fún un pé kó má yà. Ó lọ síbi tí ojú rẹ̀ fẹ́.

Ó bá a láàárín òré. Ẹrẹ̀ ti gbé e dé itan, bàtà kan ti lọ, ohùn rẹ̀ ti há nítorí igbe. Ó na fóònù sókè. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí Mosúnmọ́lá lọ́kàn, kí a má purọ́, ni pé ó ń ya ibẹ̀ ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ó gbé e sókè kí ẹrẹ̀ má baà gbé òun náà ni.

"Má ta ẹsẹ̀ mọ́," ó wí. Ó tú ẹní kìíní, ó tẹ́ ẹ lé ẹrẹ̀ láti ibi tó le, ó tẹ́ ìkejì tẹ̀ lé e títí ó fi kan ọmọ náà láyà. "Dà bolẹ̀ lé e. Fi àyà wọ́ bọ̀."

Ọmọ náà wo ẹní tuntun náà, ó fà sẹ́yìn. "Á bàjẹ́, mà."

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí àwọn èèyàn ti ń ra ẹní lọ́wọ́ Mosúnmọ́lá, kò sẹ́ni tó tíì káàánú ẹní rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tí ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀. Ó ní kó wọ́ bọ̀ jàre. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ mú un, ó fà á. Bó ti ń fà á ni etí ìró rẹ̀ tú, tí àwọn àkísà pupa sì dà sílẹ̀ lójú àwọn méjèèjì.

Adéṣẹwà jókòó nínú ẹrẹ̀ ara rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ̀yin lẹ tú wọn."

"Èmi ni."

Mosúnmọ́lá sọ ti Òkè Ẹ̀rọ̀ fún un, láti orí àgbàdo sísè dórí ògiri, ó sọ ti Fátókí tó ń gba títì lọ síbi omi ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán, ó fi ewé nu ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́.

"Ṣé ibí lẹ ò fẹ́ kí n rí?"

"Ibí ni."

"Mo ti rí i báyìí."

"Mo mọ̀."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ òré sọ́tùn-ún sósì, omi ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ dára. Mosúnmọ́lá pàápàá rí i lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọ náà kò gbé fóònù sókè. Ó ṣa àwọn àkísà jọ, ó kó wọn lé e lọ́wọ́, ó ní kó so wọ́n síbi tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn gbà.

Mosúnmọ́lá so wọ́n. Láti ọ̀pẹ méjì gòkè lọ sáàárín ẹ̀gẹ́, ó fi ìdè ahunẹní dì wọ́n, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fa etí kan kó tú. Ṣùgbọ́n bó ti ń so ni ó ń kà, mọ́kàndínlógún ni wọ́n. Ó bi ọmọ náà. Ọmọ náà ní ogún lòun ya, ogún lòun kó wá, òun so gbogbo rẹ̀. Bóyá ọ̀kan bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó wí. Bóyá ni.

Adéṣẹwà jẹ ìkọ́kọrẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, abọ́ méjì, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó máa ń kó àwọn ará Ijagun bíi mẹ́jọ, mẹ́wàá wá rìn. Wọ́n máa ń ṣàròyé níbi ọ̀pẹ méjì pé kí ló dé tí ọ̀nà fi kúrò létí omi níbi tó ti ń dùn bọ̀. Adéṣẹwà máa ń sọ fún wọn pé ejò ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í ṣẹ́. Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láti inú oko ẹ̀gẹ́, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó dé ilé, ó rò ó pé ọmọ tó lè purọ́ dáadáa báyẹn, kí ni kò tún lè ṣe.

Ó ṣì ń gé òré. Bó bá sì ti ń gé e, ó máa ń gbójú wo àwọn igi tó yí ẹrẹ̀ náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí nǹkan pupa lókè réré. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó la ẹrẹ̀ kọjá lọ síbẹ̀. Ẹyìn tó pọ́n lórí ọ̀pẹ ni. Ó dúró sídìí ọ̀pẹ náà, ó wò ó títí kó tó gbà pé kì í ṣe àkísà.