Èpìyà tí Mo Fi Èsúnsún Pa

Bísóyè lẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ láyé yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni; bàbá tirẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ wa ní Ìgàndò ló sì ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, nítorí náà Àǹtí Bísóyè ni mo máa ń pè é. Mi ò ní pè é bẹ́ẹ̀ níbí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Òórùn erùpẹ̀ tútù gba gbogbo àgbàlá. Èsúnsún ń tú jáde nínú ihò ilẹ̀ bí èéfín, oòrùn sì ń tàn gba inú ìyẹ́ wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ti gbé abọ́ omi jáde, wọ́n ń ṣa èyí tí wọn máa yan jẹ. Èmi kò bá wọn ṣa á. Mo mú okùn ìwọ̀ kan, odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mo gbà lọ.

Èpìyà ńlá kan wà nínú odò yẹn tí ìrù rẹ̀ ya. Ó ti já okùn ìwọ̀ bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà ni bàbá mi, ará Èkìtì. Àárọ̀ Sátidé nìkan ló máa ń rí àyè lọ pẹja. Ó ti sọ fún èmi àti Bísóyè pé, "Ẹni tó bá pa ẹja yẹn nínú ẹ̀yin méjèèjì ni màá máa mú lọ sódò." Ẹnì kejì á dúró ti ìyá mi nídìí ọlọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí àwọn bàbá ayé ìgbà yẹn ṣe ń ṣe, ẹ mọ ohun tí àárọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá jẹ́ fún ọmọbìnrin.

Ekòló ni gbogbo ènìyàn fi ń pẹja níbẹ̀, pẹ̀lú òjé tó ń fa ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbáà jẹ́ ìṣirò, ìbáà jẹ́ ìkòkò tó ń hó, ọ̀rọ̀ bàbá mi kan náà ni: "Kọ́kọ́ wò ó ná." Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo ń wò ó. Omi ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Èsúnsún ń já bọ́ sójú rẹ̀, wọ́n ń yí po bíi pé oorun ń kùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹnu kan á yọ láti ìsàlẹ̀, wẹ́rẹ́, á gbé ọ̀kan mì. Omi á ká rìbìtì bí òrùka, á fẹ̀, á parẹ́. Bí àlá tí ènìyàn ń lá láìdijú ló rí.

Ni mo bá já òjé kúrò lára okùn. Mo fi ìwọ̀ gún èsúnsún kan lẹ́yìn, mo fi ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo sì jẹ́ kó léfòó lọ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìrù yíya yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Okùn náà le gbọnrangandan, ó la ìka mi bí abẹ, ṣùgbọ́n mi ò jù ú sílẹ̀ títí ẹja fi dé orí koríko.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ̀rọ̀. Mo pàdé Bísóyè lójú ọ̀nà, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un: òjé, ìyẹ́, gbogbo ẹ̀.

"Ìwọ ẹléyìí? Irọ́ ńlá!" ló wí. "Gbé e wá jàre, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ẹ láṣọ. Lọ ṣan ọwọ́ ẹ lódò, kí Màmá má baà nà ẹ́."

Mo lọ ṣan ọwọ́. Nígbà tí mo fi máa délé, ó ti wà níwájú bàbá mi, ó ń ka ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tó há a sórí. "Èmi ni mo pa á!" ni mo ké. Ìyá mi ní kí n yé jowú ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá mi fi áńkáṣíìfù rẹ̀ di ìka mi, ó sì wo ọwọ́ náà pẹ́. Ohun tí mo rí gbà lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ, mo sì ṣìkẹ́ rẹ̀ sọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìgbà náà, Bísóyè gbé ọ̀pá ìwọ̀ tẹ̀lé bàbá mi. Èmi ń lọ ata.

Ilé ti bo odò yẹn báyìí. Gọ́tà ló kù, ọ̀rá omi ló ń léfòó lórí rẹ̀. Mo kàwé, mo di ọ̀gá ilé-ìwé, mo sin bàbá mi. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà lè wo omi láti àárọ̀ dọ̀sán láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà tó ń kọ èyí kò lè wo ojú ènìyàn kan kó má wá ibi tí irọ́ wà níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá Bísóyè ní Ìpájà, níbi tó dùbúlẹ̀ àìsàn sí. Àánú kọ́ ló gbé mi lọ. Mo fẹ́ kó jẹ́wọ́ kó tó kú ni. Mo na ìka mi síwájú rẹ̀, àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, "Ta ló pa ẹja yẹn?" Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ìwọ ni. Bàbá sì mọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n di ọwọ́ ẹ, wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n wo tèmi náà, wọn ò rí ojú ọgbẹ́ kankan. Wọ́n ní kí n ṣáà máa bá àwọn lọ, pé ìwọ ní bàbá, èmi ò ní."