Jìtá Ekani Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọ́

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Ekani fi jọ dúró lórí pèpéle kan náà ní ilé ọtí kan ní Mvog-Ada, nílùú Yaoundé. Èmi Zambo ni mò ń ta báàsì, jìtá olóhùn ìsàlẹ̀, òun ló ń ta jìtá. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, mi ò rí ẹyọ ẹnìkan tó gbọ́ ohun tó ń ta. Ìka rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ìka náà sì ń sáré dáadáa.

Ẹ má rò pé Ekani ò mọ iṣẹ́ o. Télọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ yá. Tó bá dá wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, tó so jìtá mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, àwọn tó ń kọjá lọ á dúró. Ohùn náà á nípọn, á dùn, á kún inú yàrá bí epo ṣe ń kún ìkòkò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohùn tó fi ń tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn nílé náà ló ń gbé wá bá wa lóde. Tí onílù bá ti bẹ̀rẹ̀, tí èmi náà fọwọ́ kan okùn, ó parí, Ekani ti rì.

Oògùn kan ṣoṣo ló mọ̀: kó yí ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sókè. Tó bá yí tirẹ̀ sókè, èmi náà á yí tèmi, nítorí mi ò ní gbà. Onílù á máa lu ìlù bí ẹni pé ìlù bú bàbá rẹ̀. Obìnrin tó ń kọrin fún wa á yíjú padà wò wá bí ìyá tó fẹ́ na ọmọ. Ekani ra ẹ̀rọ kejì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún ra ẹ̀kẹta, èyí tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Pàbó ló já sí. Èmi ni wọ́n ń gbọ́, kí n má purọ́, ó sì ń dùn mọ́ mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan ò ní gbé bíà ránṣẹ́ sí mi: "Zambo, báàsì rẹ yìí nípọn o! Ó ń mì wá nínú!" Màá mu bíà mi tán, màá wá kọjú sí Ekani.

"Ekani, ṣé o tan ẹ̀rọ yẹn lónìí?"

"Zambo, fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mo kàn ń béèrè ni. Mo rí i tí ò ń fọwọ́ lé ẹ̀fọn."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn yẹn, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni, Tara Mebenga, àgbà onípákó ní abúlé kan lẹ́bàá Obala. Pákó tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n tò sórí akèrègbè, tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù; inú rẹ̀ ni orin bikutsi tiwa ti jáde. Baba wá gbọ́ wa lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ó wá ní, "Orin yín dáa. Àmọ́ kí ni ọkọ ọmọ mi wá ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹ̀fọn ló ń lé ni?" Láti ọjọ́ náà kò pè é ní àna mọ́. "Ọkùnrin ilé Abomo ọmọ mi" ló ń pè é.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò baba lóbìnrin kú, ọ̀fọ̀ rẹ̀ sì ń lọ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹbí bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àna kọ̀ọ̀kan á jáde síwájú ẹbí pẹ̀lú ohun tó mú wá, ìbáà ṣe ewúrẹ́, ìbáà ṣe ẹmu. Ekani ní orin lòun máa mú wá. Baba ní kò burú, ṣùgbọ́n tóun ò bá fi etí ara òun gbọ́ jìtá náà, a jẹ́ pé ọwọ́ òfo ló wá, ẹ̀yìn ilé ni yóò sì jókòó sí pẹ̀lú àwọn tó ń pọnmi, lójú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ọkàn Ekani ò balẹ̀ mọ́. Ó ní òun máa yá ẹ̀rọ kẹrin.

"Ẹ̀kẹrin kẹ̀?" Abomo ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń bó ewé kúrò lára bobolo tí a fẹ́ jẹ. "Bàbá Nnomo, níbo lẹ fẹ́ gbé e sí? Ṣé orí mi ni?"

"Tí agbára mi bá ti ju ti Zambo lọ..."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bá Zambo jà? Pákó márùn-ún ló wà lágbàlá bàbá mi. Ńlá ń sọ tiẹ̀ nísàlẹ̀, kékeré ń ké lókè. Tí kékeré bá fẹ́ máa fi ohùn ńlá sọ̀rọ̀, bàbá mi á gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Ẹ̀yin àti Zambo, ìsàlẹ̀ kan náà ni ohùn yín jọ jókòó sí. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ tiyín?"

Ó dìde, ó yí ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó yí ti àárín sókè. Ó tún já fóòmù kékeré kan lára èjìká kóòtù tí Ekani ń rán lọ́wọ́, ó fi há abẹ́ okùn jìtá, bí àwọn àgbà oníjìtá wa ti máa ń ṣe kó lè dún bíi pákó. Ó pẹ́ tí Ekani ti yọ tirẹ̀ dànù. Ó ní ó ń ba adùn jẹ́.

"Ẹ ta á."

Ó ta á. Yéè! Ohùn náà gbẹ, ó ń ké kan-kan-kan bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ agolo. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Ekani. Èmi rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú.

"Abomo, ṣé bàbá rẹ lo fẹ́ fi èyí pa ni?" mo bi í.

"Bọ̀dá Zambo, ẹ jẹ́ n gbọ́rọ̀. Ṣé òun nìkan ló fẹ́ ta á ni?" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí kéréètì bíà. Ilẹ̀ lẹ ń gbé e sí látọjọ́ yìí, orúnkún yín ló ń gbọ́ ọ. Ṣé orúnkún ní etí ni?"

Lọ́sàn-án Sátidé a wà lágbàlá baba. Ẹ̀rọ tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ekani gbé wá. Ó gbé e lé kéréètì méjì, ó gbé ojú rẹ̀ sókè díẹ̀. Onílù bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀lé e, mo sì ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi ta á tó bá rì. Kò rì. Jìtá náà la àárín wa kọjá, ó ń ké lókè bíi pákó kékeré, kò sì pariwo jù wá lọ rárá. Àwọn obìnrin di ìró wọn le, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ kilẹ̀.

Tara Mebenga dá jíjẹ dúró. Ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó kọjá lára mi, ó kọjá lára onílù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ẹ̀rọ Ekani, ó dẹ etí sí i. Nígbà tó nàró, ó di ọwọ́ Ekani mú, ó gbé e sókè lójú gbogbo ẹbí.

"Àna mi rèé o! Mo gbọ́ ọ!"

Ekani ń sunkún. Nígbà tí wọ́n dá ọwọ́ rẹ̀ padà fún un, ó ṣi okùn méjì tẹ̀, gbogbo àgbàlá ló sì gbọ́ ọ. Inú mi dùn sí i, mo búra.

A sinmi. Mo jókòó, mò ń retí bíà mi. Ìgò ń kọjá níwájú mi, ọ̀dọ̀ Ekani ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Olórin wa wá bá mi.

"Zambo, ṣé ara rẹ ò yá ni? Báàsì rẹ ò tó nǹkan lónìí."

Mo ní ara mi le. Baba fúnra rẹ̀ dé, ó fi ọ̀pá kan ẹ̀rọ mi.

"Ọmọ mi, ohùn tó nípọn tí mo gbọ́ ní Mvog-Ada lọ́jọ́sí ńkọ́? Èyí tó mì mí nínú? Ṣé o ò mú un wá ni?"

Mo wo ẹ̀rọ mi. Ibi tí mò ń yí i sí láti ọdún mẹ́sàn-án náà ló wà. Èmi ò pààrọ̀ ohunkóhun. Ekani nìkan ló pààrọ̀ tirẹ̀, ó kó ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ń mú báàsì mi nípọn, kúrò lábẹ́ tèmi.

Ó wá jókòó tì mí. Ó ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìgò rẹ̀, ó nà án sí mi.

"Gbà, Zambo, mu."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo gbà á, mo mu ún. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń mu bíà Ekani.