A Kì Í Pọn Ọba

Mo rántí bí orí àbúrò mi ṣe kéré tó nínú fìlà bàbá wa lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jọba. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Olùkọ́ ni mí ní ìlú Oǹdó nígbà náà. Nígbà tí bàbá wa wàjà, àwọn ìjòyè ránṣẹ́ pè mí wá sí ìlú wa kékeré, lẹ́yìn Ìgbàrà-Òkè, pé èmi àkọ́bí obìnrin ni n óò ṣe adelé títí ọba yóò fi dàgbà. Mo wọ agbádá ọkùnrin, àwọn àgbà tó lè bí mi lọ́mọ ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo máa ń wo ara mi nínú dígí kí n tó jáde.

Èèwọ̀ pọ̀ lórí ọmọ náà. Ìyá rẹ̀, ìyàwó kékeré bàbá wa, kò gbọdọ̀ sùn láàfin mọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pọn ọba.

Ọdún kan kò pé tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Láàárọ̀, ó nawọ́ sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pọ̀n mí. Ulé ìyá mi ni mo fẹ́ lọ.”

Dípò kí n gbé e, mo pe àwọn ìjòyè jọ. Olórí wọn ní ojú ọjà kọ́ la ti ń wo àìsàn ọba, kí a dúró de ọkọ̀ onígíláàsì dúdú láti Àkúrẹ́ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn láìjẹ́ kí ará ìlú rí i. Ó ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ. A dúró títí oòrùn fi yí. Ìgbà tí gìrì mú un ni mo tó ṣí fìlà orí mi, mo pọ̀n ọ́n, mo sì sáré bọ́ sí títì. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Wọ́n ní ká kéde pé kábíyèsí wàjà. Ìyá rẹ̀ wo olórí ìjòyè lójú.

“Ọba tiyín ló wàjà. Ọmọ tèmi kú.”

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní Oǹdó. Bí mo bá délé, wọ́n ṣì ń yìn mí pé adelé tó mọ àṣà ni mí. Mo ti di ẹ̀bi náà ru olórí ìjòyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni àṣẹ wà lọ́jọ́ yẹn. Ká ní mo pọ̀n ọ́n láàárọ̀ ni, kò sí ẹni tí ì bá dí mi lọ́nà. Ìyìn yìí gan-an ni mo jókòó dè lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọkọ̀ Àkúrẹ́.