Ojú Tí N Kì Í Gbé Sókè

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi fi ń yangàn nípa mi nígbà tí mo wà ní kékeré: n kì í wo àgbà lójú. Gbogbo ìyókù, ẹjọ́ ni. N kì í tètè jẹ́ ìpè. N kì í rántí kí ènìyàn. Tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ń dún, màá di etí, màá sá lọ sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni màá máa wò, ìyá mi á sì kọjú sí àwọn ará ilé wa ní Agége, wọ́n á ní, "Èmi kọ́ ọmọ tèmi o. Àwọn ọmọ tiyín ló ń wo àgbà bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù l'Óko Ọba."

Aránṣọ ni ìyá mi. Sùtánà funfun ni wọ́n ń rán jù, torí Aládùúrà ni wá. Ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò lórí máṣíìnì, ẹnu wọn kì í kúrò lára mi.

"Ìwọ! Baba onílé wọlé, o ò rí wọn? Àbí wọ́n fi òwú rán ẹnu ẹ pọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, màmi."

"Ṣé èmi ni mo wọlé ni? Lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, jàre!"

Màá lọ dọ̀bálẹ̀. Tó bá di àsìkò oúnjẹ, ẹran tó tóbi jù á wà nínú àwo mi. Báyẹn la ṣe ń bá a bọ̀ títí mo fi dàgbà, tí mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Oregun.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ti mọ́ mi lára lọ síbi tí ariwo ti ń gun orí ariwo. Lọ́jọ́ kan mo jókòó sílẹ̀, mo di etí, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ní kí n lọ rí dókítà kan n'Íkẹjà. Dókítà ní kí n mú ẹni tó mọ̀ mí láti kékeré wá. Bàbá mi ti kú. Ta ni mo tún ní?

Ìyá mi wọ léèsì lọ, bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ó sì ń rọra béèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ṣé ariwo máa ń dà á láàmú? Ìyá mi ń dáhùn. Ó wá béèrè pé, "Màmá, tí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ṣé ó máa ń wo ojú yín?"

Ìyá mi nàró lórí àga. "Láéláé! Ọmọ tí mo kọ́ ni, dókítà. Mi ò tiẹ̀ nà án rí lórí ìyẹn."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ńkọ́, mà? Àwọn tó kéré sí i?"

Ìyá mi fẹ̀yìn ti àga padà. "Rárá," wọ́n ní. "Kì í wo ojú ẹnì kankan." Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé, "Ìyẹn náà wà lára ẹ̀?"

"Ó wà lára ẹ̀, mà."

Dókítà ní ọ́tísìm ni wọ́n ń pè é, pé ọpọlọ mi ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń gba nǹkan, pé bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá mi gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà sí Agége, inú mi ń dùn, kí n má parọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jàre ní kóòtù. "Màmi, ẹ rí i pé kì í ṣe oríkunkun? Gbogbo ẹgba yẹn ńkọ́? Ìgbà tí ẹ mú mi lọ sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ̀mí àìgbọràn lè jáde lára mi ńkọ́? Ẹ rí i báyìí?" Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ẹsẹ̀ mi ni mo ń wò. Obìnrin kan tó jókòó sí ọwọ́ òdìkejì ló fi ọwọ́ gbá mi léjìká.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé o ò rí i pé màmá ń sunkún ni?"

Mi ò rí i.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò bú mi mọ́. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọ yàrá mi. Wọ́n ní kí n dárí ji àwọn, mo ní mo ti dárí jì wọ́n, òótọ́ sì ni, àmọ́ kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tó sú mi, mo ní, "Màmi, ẹ tiẹ̀ bú mi."

"Kí ni mo fẹ́ bú ẹ lé lórí? Ṣé ìwọ lo dá ara ẹ ni?"

Wọn ò sì fi mí yangàn mọ́. Tí àwọn ará ilé bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́, ìyá mi á tẹ máṣíìnì lọ, wọn ò ní gbórí sókè.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìsìn, mo gba iwájú ìyá àgbà kan kọjá nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láìkí wọn. Èrò ló pọ̀, mi ò rí wọn.

"Ìyá aránṣọ!" ni màmá àgbà yìí pariwo. "Ọmọ yín ti di ọ̀gá o! Ó kọjá lára mi bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì!"

Mo dúró. Mo ń retí kí ìyá mi fi igbe bọnu.

"Ẹ má bínú, mà," ni wọ́n wí. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣe é ni."

Kò lè ṣe é! Èmi tí wọ́n kọ́ ní ojoojúmọ́ ayé mi! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. "Ẹ kú ìsìn, mà. Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi, mà." Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣàdúrà lé mi lórí. Mi ò tètè dìde. Mo fẹ́ kí ìyá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n dì mí lápá mú, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ mi. "Ó ti tó," wọ́n ní, jẹ́jẹ́. "Má da ara ẹ láàmú. Kò pọn dandan mọ́."

Ohùn tí ènìyàn fi ń bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ ni.