Àǹtí Inú Omi

Ó bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, nínú ilé àǹtí mi ní Mississauga. Aago náà dá mi lójú, nítorí pé àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ṣe mọ́jú. Ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ní kí n gbé màmá àti ọmọ òun lọ wo orca, kí ilé lè pa rọ́rọ́ fún òun láti sùn.

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi àti àǹtí mi yìí. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n ti Ìbàdàn dé, wọ́n sì máa padà kí òtútù tó mú. Èmi ń kàwé gboyè kejì ní Toronto nígbà náà, yàrá ìsàlẹ̀ ilé ni mò ń gbé.

"Ọkà?" ni màmá wí. "Ó dáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti dé oko."

Wọ́n wọlé lọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, wọ́n fi ìborùn di orí wọn gírígírí. Kò sẹ́ni tó fura. A ti kọjá Port Credit, adágún ńlá ti wà lápá òsì wa fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó bi mí pé, "Irú ọkà wo ni wọ́n ń gbìn létí omi? Ṣé bàbà ni?"

"Màmá, ẹranko ni."

"Ẹranko wo ló ń jẹ́ ọkà?"

"Inú omi ló ń gbé. Ó tóbi ju mọ́tò yìí lọ."

Wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. "Ẹ ò wá tètè sọ. Èmi ti múra oko."

A rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti rọra wa ọkọ̀. Ọmọ àǹtí mi, tó jókòó sẹ́yìn, fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un. Kí n tó parí àlàyé, ẹ̀rín náà ti tán.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, Kánádà ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dé ìwọ̀n kan. Tí a bá ní kó wá jẹun, ó ń wá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì ti màmá kò sì ju èyí tí wọ́n fi ń rajà lọ. Èmi ni mo máa ń wà láàárín, tí màá gba ọ̀rọ̀ níhìn-ín, tí màá gbé e fún tọ̀hún. Màmá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún mi lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé pé, "Ọmọ yìí ni mo bá wá. Tí mo bá padà sílé láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fi ẹnu rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ ni mo wá wò."

Ní ọgbà ẹranko omi tí a lọ, orca náà wà nínú odò onísìmẹ́ǹtì kan tí wọ́n fi dígí ṣe ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Dúdú ni, funfun wà lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ó sì ń yí odò náà po láìdúró. Tó bá yọ sókè láti mí, ìró èémí rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ ńlá. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún wa pé abo ni, pé ó ti lé ní ogójì ọdún, pé kékeré ni nígbà tí wọ́n mú un láti inú òkun kan tó jìnnà. Ó ní àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ kò sí mọ́. Mi ò ní ọ̀nà tí mo lè gbà yẹ ìkankan nínú èyí wò. Mo kàn túmọ̀ rẹ̀ fún màmá bó ṣe sọ ọ́.

"Ó lé ní ogójì?" ni màmá wí. "Wọ́n ju àǹtí rẹ lọ nìyẹn."

Èmi ṣàkíyèsí pé "ó" ti di "wọ́n" kí gbólóhùn náà tó parí. Ọmọ náà kò ṣàkíyèsí. Ó ń gbá dígí, ó ń pariwo pé, "Hi, whale! Come here!"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹgbẹ́ rẹ ni wọ́n? Wọ́n ju ìyá tó bí ọ lọ. Ẹ káàárọ̀ mà, ni wọ́n ń wí."

Ọmọ náà kọjú sí mi, ó ní kí n sọ fún màmá pé ẹranko náà kò gbọ́ Yorùbá. Mo sọ fún wọn.

"Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?" ni màmá dáhùn. "Inú òkun tí wọ́n ti mú wọn, ta ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀?"

Mo túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ náà. Ó ronú sí i, ó wá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù níwájú dígí náà. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Orca náà kọjá lọ́dọ̀ wa gan-an, ojú rẹ̀ sún mọ́ dígí. Ọmọ náà fò sókè, ó ní ó gbọ́ òun, ó gbọ́ òun.

"Wọ́n gbọ́," ni màmá tún un ṣe.

"Wọ́n gbọ́!" ni ọmọ náà wí.

Láti ọjọ́ náà, a kò pè wọ́n ní "ó" mọ́ nínú ilé wa. Àǹtí Inú Omi ni ọmọ náà ń pè wọ́n. A ra ìwé ìwọlé tó lè gbé wa títí ìgbà ooru yóò fi parí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Sátidé tí a kò lọ. Tí mo bá ń rántí ìgbà yẹn báyìí, nínú kóńdò tí èmi nìkan ń gbé, òórùn dùndú tí màmá dì sínú bébà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Inú ọkọ̀ la ti ń jẹ ẹ́, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, ìka gbogbo wa ń dán fún òróró. Ojú ọ̀nà ni màmá àti ọmọ náà ti máa ń pinnu irú kíkí tí wọ́n fẹ́ kí Àǹtí Inú Omi. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ kú òjò. Tí oòrùn bá mú, ẹ kú ooru. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà hùmọ̀ tirẹ̀, ó ní, "Ẹ kú omi, mà!" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Kò burú. Ibi tí wọ́n wà náà nìyẹn."

Ọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan wà tó ń kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó rí ọmọ tó kúnlẹ̀, ó dúró.

"Mà, ta ló ń kí?"

"Àǹtí rẹ̀ ni," ni màmá dáhùn, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà wo màmá, ó wo dígí. Ó tẹríba díẹ̀. "Ẹ káàsán, mà," ló wí fún orca náà. Ìyàwó rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀: "Jọ̀ọ́, wá ká máa lọ. Sọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tún máa gbé ọ lọ báyìí kí wọ́n lè gbàdúrà fún ọ."

Ọmọ náà gbà pé kíkí òun ló ń pe Àǹtí Inú Omi wá sídìí dígí. Èmi fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Nígbà kan tí òun àti màmá lọ ra áísíkirímù, mo dúró níbẹ̀ fúnra mi, mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wá síbi kan náà, wọ́n fi ojú kan náà wò mí, wọ́n kọjá. Bí wọ́n ṣe ń yí odò po ló ń gbé wọn wá síbẹ̀. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé wọ́n máa ń wá bí a kò tilẹ̀ kí wọn. Bóyá kíkí náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn tàbí kò dé, ìyẹn kọ́ ni mo dán wò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ọmọ náà àti màmá padà dé.

Nígbà tí màmá yóò fi lọ, wọn ò nílò mi mọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ náà ń sọ Yorùbá tó ṣẹ́, tí kò gún, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ọ́. Bí a bá ti padà délé, Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Màmá mọ̀. Wọ́n sọ fún mi ní pápákọ̀ òfuurufú pé, "Ọ̀rọ̀ Àǹtí Inú Omi nìkan la ń sọ. Lọ́jọ́ tí ìyẹn bá tán ńkọ́?"

Lórí fóònù náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. "Àǹtí Inú Omi ńkọ́?" "Wọ́n wà dáadáa, mà." Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ náà á gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà nígbà tí mo kà á lórí fóònù pé orca náà ti kú. Mo kà á níbòmíràn kí n tó gbà á gbọ́. Nígbà tí mo délé, àǹtí mi ti gbọ́.

"Má sọ fún un," ló wí. "Tó bá ti mọ̀, ó parí nìyẹn. Kí ló tún fẹ́ bá màmá sọ?"

Mo rò ó wò, mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pe màmá, wọ́n ní kí a má ṣe parọ́ fún ọmọ. "Ẹ sọ fún un. Ẹ má kàn fi ẹnu yín sọ pé ó kú. Ẹ ní wọ́n ti papò dà."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́, nínú yàrá ìgbàlejò, màmá ń wò wá lójú fóònù.

"Wọ́n papò dà?" ni ọmọ náà wí. "Síbo?"

Àǹtí mi kọjú sẹ́yìn. Mo wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó sunkún púpọ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó béèrè lọ́wọ́ mi, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ta ni a máa bá kẹ́dùn. Nígbà tí bàbá àgbà ọmọ kíláàsì wọn kú, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí. Ta ni mọ̀lẹ́bí Àǹtí Inú Omi?

Mo gbé ìbéèrè náà fún màmá.

"Àwa náà kọ́?" ni wọ́n wí. "Ta ló ń kí wọn ju àwa lọ?"

Ọmọ náà nu ojú rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra, ó bi mí létí pé kí ni wọ́n ń wí fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà."

"O ṣé, ọmọ mi," ni màmá dáhùn. "Ìwọ náà kú àṣẹ̀yìndè."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àǹtí mi àti èmi wà ní kíṣìnì. Ọjọ́ tí a máa ń pe màmá ni. Ọmọ náà wọlé, ó mú fóònù ìyá rẹ̀ lórí tábìlì láìbéèrè, ó gun àtẹ̀gùn lọ. Àǹtí mi pa ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn. A gbọ́ tí fóònù ń dún lókè, a gbọ́ ohùn màmá. Ọmọ náà sọ pé, "Màmá, ẹ káàsán. Kí lẹ jẹ lónìí?"

Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.